Ìjà Orí Guayabo Nínú Orin Eliécer

Òpópó Etí Odò,
Arauca,
Kòlóńbíà.
Ogúnjọ́ oṣù Kejì, ọdún 2016.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Nelcy,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Madrid kò fi ikọ́ bá wọn jà? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó wú, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Ara tiwa le, ṣùgbọ́n ojú wa kò tíì gbẹ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé o bá wa kẹ́dùn.

O ní àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ orin ẹ̀gbọ́n mi Eliécer, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Ará Bogotá ní orin ọ̀mùtí ni, ará Venezuela ní orin olólùfẹ́ ni, ará Cuba sì ń fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó ní igi gúáfà ni wọ́n ń pè ní guayabo, kí ló kù tí wọ́n ń jà sí. O ní kí n bá yín dá ẹjọ́ náà. Nelcy, ẹjọ́ yìí kan náà ló wọ ilé wa, tiwa kò sì mú ẹ̀rín lọ́wọ́.

O mọ orin náà:

Guayabo yìí ni yóò pa mí,
Kọfí ìyá mi kò ràn án,
Ẹ wá ọkọ̀ fún mi, kí n sọdá odò.

Ìgbà tí Maigualida ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní òdìkejì odò, ní Venezuela, ni Eliécer kọ ọ́. Bàbá náà kò tètè gbádùn, ìjọba ibẹ̀ sì ti afárá ẹnubodè pa, ni obìnrin náà kò bá rí ọ̀nà padà. Don Hermógenes, bàbá olórin àdúgbò wa, ló ta háàpù sí orin yẹn, rédíò sì gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, Eliécer wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ìtì igi tí àgbàrá ń gbé bọ̀ kọ lù wọ́n, ọkọ̀ sì dojú dé. Àwọn yòókù lúwẹ̀ẹ́ jáde. Ìsàlẹ̀ odò la ti rí òun. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Ibi ìsìnkú ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Maigualida ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi yọ́ sọdá dé, ẹrẹ̀ ṣì wà létí aṣọ rẹ̀, ni Màmá bá sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ọtí ló pa ọmọ mi. Ṣé òun náà kò fẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́ lórin pé guayabo ni yóò pa òun?"

Ìwọ náà mọ̀ pé orí òkè Boyacá ni wọ́n ti bí Màmá, orí fífọ́ tó ń tẹ̀lé ọtí àmuyó sì ni wọ́n ń pè ní guayabo níbẹ̀. Ìyàwó wa wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ó ní, "Màmá, ẹ má ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, àárò ni guayabo. Àárò mi ló ń sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Bí àwọn tó ń mutí níwájú ilé bá gbé ife sókè tí wọ́n ń kọ orin náà, Maigualida a dìde, a ti fèrèsé.

Nígbà tó sú mi, mo mú Don Hermógenes wá sílé. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Eliécer, kò fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ yẹn. Kọfí la jọ mu létí odò. Ó ní ara òun kò gbà á mọ́, àfi kí òun fojú kan ìyàwó òun."

Maigualida bú sẹ́kún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Hermógenes, ìlú yìí ni mo ti bí gbogbo ọmọ mi. Ṣé o rò pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní guayabo níbí ni?"

Ó kọjú sí gbogbo wa.

"Ẹni tó bá yó, tí omi gbé e, bí ẹni tó sùn ni. Kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ dá, tó ń wo òdìkejì..." Kò lè parí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọtí. Mo bẹ̀ yín."

Don Hermógenes dé fìlà rẹ̀, ó rọra jáde. Maigualida jókòó ti Màmá, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bá a bó ẹ̀gẹ́ náà lọ. Ó wá ní:

"Màmá, ọtí ni."

"Ṣé ó yó dáadáa?"

"Ó yó, Màmá. Kò mọ nǹkan kan."

Nelcy, ìyá rẹ àti Màmá máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Jọ̀wọ́, bá mi kí i púpọ̀, kí o sì sọ fún un pé tí ọ̀rọ̀ orin náà bá jẹ yọ, orin ọ̀mùtí ni kó pè é. Kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ fún mi. Maigualida ní kí n kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ,
Omaira.