Òwò Aṣọ Fífọ̀ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Mi

                                        Ìbà Housing Estate,
                                        Ìbà, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 1991.

Mùsítúrà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Bàbá Ìdáyàt, ọkọ wa, ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀? Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ńkọ́? Ní tèmi, ara le, inú mi sì ń dùn ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ṣé o rántí bí o ṣe fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi tí n kò ta ata rí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òwò ṣíṣe? Ó yá, fọwọ́ bo ẹnu rẹ.

Ìwé Kọ́másì ti sú àwọn ọmọ SS Tú mi, ni mo bá ní kí wọ́n wá òwò kékeré kan tí àdúgbò nílò kí wọ́n máa ṣe é. Àwọn fúnra wọn ló ronú kan aṣọ fífọ̀. Ìjọ aláṣọ funfun pọ̀ ní Okokomáíkò, sùtánà wọn sì gbọ́dọ̀ funfun báláú ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi. Kànga ilé-ìwé wa kì í sì í gbẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà, àmọ́ wọ́n ní tí ẹjọ́ ẹyọ kan bá fi lè wá láti ìta, ó parí nìyẹn, kí n padà sídìí ṣọ́ọ̀kì mi.

Iṣẹ́ ń lọ geere títí di Sátidé tó ṣáájú ìkórè ìjọ kan tó kó sùtánà bíi ogún fún wọn. Ṣàkírù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ti fi yíǹkì kọ orúkọ sí ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ gbé gbogbo orúkọ lọ. Aṣọ mọ́ tónítóní, a ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni, bẹ́ẹ̀ àwọn oníjọ yẹn kì í wọ sùtánà ẹlòmíràn. Ọkàn mi dàrú. Mo ti mú ìborùn mi láti lọ bẹ̀bẹ̀ nígbà tí Fẹ̀hìntọlá, tí wọ́n yàn ní mánijà, dá mi dúró.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá wa sọ ọ́. Àwa la gbaṣẹ́."

Mo tẹ̀lé wọn, mo dúró lẹ́nu géètì ìjọ náà. Ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ fún Ìyá Ìjọ, ó ro ẹjọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó wá bẹ̀ wọ́n kí àwọn sá gbogbo aṣọ náà sórí okùn nínú ọgbà ìjọ, kí kálukú wá mú tirẹ̀. Mùsítúrà, ta ni kì í mọ aṣọ ara rẹ̀? Ẹnì kan mọ ibi tí àbẹ́là ti jó o, ẹlòmíràn mọ òwú tí télọ̀ fi ká a nísàlẹ̀. Ó wá ku méjì, tuntun ni wọ́n, télọ̀ kan náà ló rán wọn, akọrin méjì sì ń jà sí i. Fẹ̀hìntọlá ní kí wọ́n na apá, ó wọn ọwọ́ aṣọ náà mọ́ apá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láìwọ̀ ọ́ sí wọn lọ́rùn. Ọwọ́ aṣọ kan gùn ju èkejì lọ, ìjà parí. Mo sunkún níbi tí mo dúró sí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí. Ìyá Ìjọ ni mo bá lọ́ọ́fíìsì wọn. Mo ní ẹjọ́ dé nìyẹn. Àṣé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lódindi ni wọ́n kó wá. Wọ́n ní ẹni tó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó ká a mọ́ ni àwọn fẹ́ kó máa bá àwọn fọṣọ. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, àmọ́ tiwa tà. Òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi làwọn ọmọ ń rán sí etí aṣọ báyìí dípò yíǹkì.

Lánàá, ọ̀gá wa fúnra wọn gbé agbádá funfun wá sí kíláàsì. Wọ́n ti ń lọ nígbà tí Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a máa ń gba owó àsansílẹ̀." Ọ̀gá wò mí, èmi ń wo àjà. Wọ́n kiwọ́ bọ àpò, wọ́n san án.

Bá mi kí Bàbá Ìdáyàt, kí o sì gbé ọmọ wa mọ́ra fún mi. Ẹ kú ilé o.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
                                        Ọdúnayọ̀ Adéníran.