Kọ́kọ́rọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù Ṣúgà

Ilé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ọgbà,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni ilé? Ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti lọ pátápátá? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé eyín iwájú èyí àbúrò ti ká. Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Bí o bá bi mí nípa ara tèmi, ìyẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti orí fóònù lọ.

O rántí pé ó ti tó ọdún méjì tí dókítà àdúgbò ti sọ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí. Ó wò ó pé mo ti lé lógójì ọdún, ó ní irú tàwọn àgbà ni. Ó fún mi ní oògùn oníhóró, ó ní kí n jìnnà sí ohun dídùn. Mo jìnnà sí i. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mo sì ń kọ gbogbo ohun tó bá kan ẹnu mi sínú ìwé, títí kan omi. Síbẹ̀ ṣúgà ń gòkè, èmi ń rù. Ihò tuntun mẹ́ta ni mo lu sí bẹ́líìtì mi.

Dókítà ṣí ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, ìwé yín mọ́ jù. Ẹni tó ń jẹun báyìí, ṣúgà rẹ̀ kì í rí báyìí.” Ó fi ọ̀wọ̀ pè mí ní òpùrọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ wá. O kó ṣúgà àti oyin sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, o tì í, o mú kọ́kọ́rọ́ lọ. O ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ológbò kì í jẹ́wọ́ ẹja. Mi ò fẹ́ sunkún òkú yín.” Ìyàwó mi dúró síbẹ̀, ó ń wò wá. N kò bínú nígbà náà. N kò bínú báyìí náà.

O mọ̀ pé òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ni mo ń yẹ̀ wò láti ọdún mọ́kàndínlógún. Bí òṣùwọ̀n bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí mo gbé lé e, n kì í bá ẹrù jà. Òṣùwọ̀n ni mo ń tú. Nítorí náà mo yẹ ẹ̀rọ ṣúgà mi wò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣìnà. Mo wọn oúnjẹ mi. Ohun kan ṣoṣo tí n kò yẹ̀ wò ni orúkọ tí wọ́n fún àìsàn náà, nítorí pé dókítà ló sọ ọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo ṣubú níbi iṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá, nọ́ọ̀sì àgbà kan ka ìwé mi tán, ó fa àga, ó jókòó. Ó bi mí pé, “Ṣé òótọ́ ni gbogbo èyí?” Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, “A jẹ́ pé oògùn àìsàn ẹlòmíì lẹ ń lò.” Ó lọ pe dókítà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí.

Bó ṣe yé mi nìyí. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn agbẹ̀du tó ń ṣe ínsúlínì, èyí tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ara yóò ti lò ó. Nínú irú tí wọ́n kọ́kọ́ pè é, ínsúlínì wà, ara ni kì í gbọ́ tirẹ̀ dáadáa. Tèmi yàtọ̀. Agbára inú ara mi tó yẹ kó máa bá mi lé àìsàn ló ṣìnà, tó ń pa ibi tí ínsúlínì ti ń jáde, díẹ̀díẹ̀. Ara ọmọdé ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, ṣùgbọ́n ó ń mú àgbà náà. Bí mo febi pa ara mi dé ọ̀run, kò lè wò ó sàn. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni, lójoojúmọ́, títí ayé.

Bí dókítà ilé ìwòsàn ńlá náà ti sọ ọ́, ìyàwó mi tó jókòó tì mí bú sẹ́kún. Ó ní kí n dárí ji òun, òun ti máa ń tú àpò mi wò. Aago ara ògiri ni mò ń wò. Ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún yá jù. Mo ti rò pé inú mi yóò dùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà mí gbọ́. Kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn dákẹ́, bí òṣùwọ̀n tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

Ohun kan ló kù. Abẹ́rẹ́ yìí máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀ jù nígbà mìíràn, ṣúgà gan-an ni wọ́n sì ní kí n yára lá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, mo dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ìyàwó mi sáré lọ tọrọ ṣúgà lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ní òun yóò pe káfíńtà kó wá já ilẹ̀kùn náà. Mo ní kó má pè é. Mo ti ń gbé ṣúgà sápò báyìí, nítorí náà má ṣe sáré, má sì fi kọ́kọ́rọ́ náà rán ẹnikẹ́ni. Mú un wá fúnra rẹ. Ọwọ́ tó tì í ni mo fẹ́ kó ṣí i.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí aláìléyín wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò jí ṣúgà jẹ,
Olóṣùwọ̀n