Ewé Pupa Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Sakété

Bàbá Yolande, ọyẹ́ tún ti dé. Ó pé ọdún mẹ́rin tí ẹ ti fi wá sílẹ̀.

Igi badamíè, igi eléso eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gbìn sẹ́yìnkùlé, ti pupa bí epo, ewé rẹ̀ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àsìkò yìí lẹ máa ń gbé àga lọ sídìí rẹ̀ láàárọ̀, tí kọfí yín á tutù sọ́wọ́ yín. Ẹ kì í jẹ́ ká gbálẹ̀ ibẹ̀. Mo máa ń bá yín jà, mo ní aráyé á sọ pé ìyàwó Basile ò mọ ilé tọ́jú. Ẹ á rẹ́rìn-ín, ẹ á ní ilé onílé ni mo fẹ́ gbá.

N ò gbọ́. Nígbà tó pé ọdún kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá ṣàdúrà ìrántí yín nínú ọgbà, a kì í sì í wọ bàtà sí sùtánà, aṣọ funfun ìjọ wa. Kí ẹ̀gún má baà gún wọn, kí àkekèé má sì ta wọ́n lẹ́sẹ̀, èmi àti Arnaud ọmọ wa gbá gbogbo ewé jọ, a sun ún. Nígbà tí iná kú, ìkarahun ìgbín ló kún inú eérú. Wọ́n ti sùn sábẹ́ ewé, wọ́n ti dí ẹnu ilé wọn de òjò. Mo sunkún ju ti ọjọ́ ìsìnkú yín lọ. Ojú yín tì mí.

Láti ìgbà náà, ìgbálẹ̀ ò kan ibẹ̀ mọ́. Arnaud, tó ti di tíṣà ní Pobè, ní ká da sìmẹ́ǹtì sí i kí n lè sinmi. Mo ní kó lọ da á sílé tirẹ̀. Yolande ti bí Jádesọ́lá, ewé pupa yẹn ló ń fi ṣe gèlè. Ariwo àwọn ẹ̀gà ò jẹ́ ká gbọ́ràn, ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì ń jí ẹyìn wa jẹ. Ṣùgbọ́n ìgbín, ọdún mẹ́ta gbáko, n ò rí ẹyọ kan.

Láàárọ̀ àná ni mo ká ewé díẹ̀ sókè. Ìgbín mẹ́rin, kò ju èékánná lọ, wọ́n ń sùn. Mo rọra da ewé bò wọ́n, mo sì ti yíjú, mo ti pè yín pé kí ẹ wá wò ó, kí n tó rántí.

Bàbá Yolande, gbogbo wọn ti padà wálé, ẹ̀yin nìkan ló kù. Mo ṣì fẹ́ràn yín.

Marguerite, ìyàwó yín