Ẹfọ̀n Bàbá àti Afárá Odò Chi

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kejì

Ọ̀gá Ọ́fíìsì tún ti bẹ̀rẹ̀. (Wichit ọkọ mi nìyẹn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó ní ká ta píkọ́ọ̀pù tí Bàbá fi sílẹ̀, ká ra mọ́tò kékeré tó ń tutù nínú, tí kì í mu epo. "Ta ló tún ń gbé píkọ́ọ̀pù lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, Malai?" Gbogbo abúlé yìí ni, olówó orí mi! Kí la fi kó ìrẹsì wálé lẹ́yìn ìkórè? Kí la fi ń gbé àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì? Kí ni ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ wọ̀ wá gbé mi níyàwó, tí ẹ ń jó lẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ yí?

Mi ò sọ ọ́ síta ṣá. Mo ń fọ abọ́.

Ẹfọ̀n ni Bàbá ń pè é. Ẹfọ̀n méjèèjì tó fi ń túlẹ̀ ló tà kó tó rà á, ó ní òun ò ní jẹ́ kí orúkọ wọn pa rẹ́.

Ọjọ́rú, 8

Màmá tún lá àlá yẹn. Bàbá dúró létí odò, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, ó ń wo ọ̀nà. Ó ní, "Ẹfọ̀n dà?" Màmá ò sunkún. Ó kàn ń gé ata lọ. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 9

Oúnjẹ tí a ń gbé síwájú àwòrán Bàbá — èèrà pàápàá ò sún mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Tíṣà Somphong wá wo Ẹfọ̀n. Ó yí i ká, ó fẹsẹ̀ gbá táyà, ó ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú Wichit dùn dé eyín. Ni Màmá bá já jáde láti ilé ìdáná, tòun ti ọ̀bẹ: "Ẹ tà á kẹ̀? Ọkọ mi ò tíì délé, ẹ ti ń ta ohun tí yóò gbé e wálé!"

Tíṣà wò mí. Mo wolẹ̀. Oṣù tó kọjá la sun òkú Bàbá ní tẹ́ńpìlì, Tíṣà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13

Ó ti yé mi báyìí. Háà.

Ọsibítù ní Khon Kaen ni Bàbá kú sí. Èmi ni mo wa Ẹfọ̀n gbé e bọ̀. Kop àbúrò mi jókòó ti pósí lẹ́yìn, tùràrí lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa sọ fún Bàbá: a fẹ́ yà o, a fẹ́ gun afárá o. Òkú tí a ò bá sọ fún ò ní mọ̀ pé ọkọ̀ ti sọdá. Etí odò ló máa dúró sí. Ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá pe Kop lónìí. Kí lo wí ní afárá odò Chi? Ó ní òun wí i. Kí lo wí? Ló bá bú sẹ́kún, géńdé ọkùnrin. Ó ní ẹkún ló dí òun lọ́fun, òun lanu, ohùn ò jáde, kí òun tó rí ohùn, afárá ti tán.

Màmá ò bá a wí. Ó ní, "Ẹ lọ gbé e wálé kó tó di ọjọ́ Àìkú o. Ẹfọ̀n nìkan ni bàbá yín mọ̀. Tó bá fi di ti Tíṣà, ó parí nìyẹn."

Bàbá mi. Létí omi láti ọjọ́ yìí wá. Inú mi bàjẹ́ kọjá sísọ.

Ọjọ́rú, 15

Mo sọ fún Wichit. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

A jáde láàárọ̀, èmi àti Kop. A sọdá sí òdìkejì odò, níbi tí a ti fi Bàbá sílẹ̀. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn Ẹfọ̀n, a tan tùràrí. Kop pariwo sódò: "Bàbá! Ẹ wá wọkọ̀ o! Ilé là ń lọ!" Èmi náà ń ké, "Bàbá, ẹ má bínú o!" Àwọn onílọ́rì ń fun fèrè sí wa, ojú ò tì mí. A gun afárá, Kop ń ké láìdákẹ́: "Bàbá, afárá rèé o! Bàbá, a ti sọdá o!"

Ẹfọ̀n ò fẹ́ sáré mọ́. Mo tẹ iná mọ́ ọn títí. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún — Bàbá kúkú sanra.

Màmá ti gbé oúnjẹ sílẹ̀: ìrẹsì, ẹja sísun, ife ọtí kan. Ó jáde wá pàdé wa. Ẹní nìkan ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn náà ti rẹlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé táyà, bí ìgbà tí a bá kó gbogbo ìrẹsì oko sí i. Màmá béèrè orúkọ tí a fi pe Bàbá létí odò. Kop ní Bàbá ni — ta ló ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ?

Màmá ní, "Bàbá mélòó lẹ rò pé ó dúró létí odò yẹn, ẹ̀yin ọmọ yìí?"

Wichit bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Tíṣà lórí fóònù pé kó má wá mọ́.

Màmá ní èrò ọ̀nà ni gbogbo àwọn bàbá tó bá wa wọkọ̀, ebi á ti máa pa wọ́n. Ó ní kí n gbé ìrẹsì sí i kaná. Mo gbé e kaná. Mo padà wá dúró ti ẹ̀yìn ọkọ̀, mi ò mọ̀ bóyá Bàbá tèmi tilẹ̀ wà láàárín wọn.