Àwọn Tó Máa Lo Oògùn Aràn

Ọmọ mi, mo kí ẹ, mo kí ọkọ ẹ, mo kí ọ̀gá ẹ tí kì í jẹ́ kó o ráyè wálé. Orókún bàbá ẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òrùlé ṣì ń jò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ojú ẹ jìnnà, ni mo ṣe kọ̀wé.

O ní ṣúgà tí mò ń fún ọmọ ẹ ló jẹ́ kó máa họ ìdí lóru. O dẹ́bi rù mí. Nígbà tó sùn, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí rẹ̀: aràn funfun, tín-ín-rín bí òwú. Nọ́ọ̀sì tí mo mú un lọ bá ní ṣúgà kọ́, ẹyin aràn ló wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ yẹn sẹ́nu. Ó ní kí gbogbo ará ilé lo oògùn lọ́jọ́ kan náà, ká tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó wá ní kí ọmọ ka àwọn ará ilé fún òun. Ó ka èmi àti bàbá ẹ, ó ka ológbò. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Mọ́mì ẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Inú fóònù ni wọ́n ń gbé."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín.

Ọlọ́run á fún ẹ lálàáfíà. Á fi àánú sọ́kàn ọ̀gá ẹ, kó lè fún ẹ láyè wá gé èékánná ọmọ ẹ.

Èmi ni, ìyá ẹ.