Otto Kò Ní Wọ Inú Òróró

Britta ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ṣìkágò? Afẹ́fẹ́ ìlú yẹn kò ní gbé ọ lọ, iṣẹ́ rẹ kò ní di àṣedànù, Ọlọ́run á sì fún ẹni tó ń gbé lókè yàrá rẹ ní bàtà tí kì í pariwo. Ara mi le, àfi orúnkún. Yìnyín ti yọ́ tán. Màlúù Duane aládùúgbò wa ti bímọ, Duane wá ń ṣe fáàrí kiri bí ẹni pé òun ló rọbí.

Ọ̀rọ̀ adágún ẹ̀yìn abà ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀, mo kó edé àti ẹja wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí oúnjẹ lè wà nílẹ̀, kí n tó kó ẹja tí wọ́n ń pè ní báàsì ẹlẹ́nu kékeré sí i. Òtútù pa wọ́n, ó ku akọ kan àti abo kan. Akọ yẹn ni mò ń pè ní Otto. Ó fi ìrù gbá òkúta mọ́ tónítóní, abo yé ẹyin síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, Otto nìkan ló ń ṣọ́ wọn, kì í jẹun. Mo na ọwọ́ sínú omi láti kí i kú iṣẹ́, ó bù mí jẹ.

Mo fi fóònù tí o rà fún mi ya fídíò rẹ̀, mo gbé e síta fún aráyé, mo kọ ọ́ sábẹ̀ pé Otto nìyí, pé ọjọ́ Ẹtì là ń dín ẹja níbí, kí ẹni tó bá ń bọ̀ jẹ́ kí n mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àmì ọkàn pupa ti ya wọlé bí eṣú. Gbogbo wọn ló ń bọ̀! Mo dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n gbé àga tiwọn dání. Obìnrin kan ní Japan fi àwòrán ojú tí omijé ń dà ránṣẹ́, mo bá a kẹ́dùn, ni ẹkún rẹ̀ bá tún pọ̀ sí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo se ọ̀dùnkún oníwàràkàṣì sínú abọ́ gíláàsì, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ wò mí títí, ó ní ṣé gbígbóná ni mo fẹ́ kó dé ni.

Wàhálà wá dé. Duane ní abo ti sá wọ ibú, Otto nìkan ló tó dín tí ọwọ́ lè tó, kí n lọ mú àwọ̀n. Mo ní tí mo bá yọ ọ́ báyìí, edé á kó gbogbo ọmọ rẹ̀ jẹ. Ó ní ẹja ni o, Elroy, kì í ṣe àna ẹ. Mo ní bàbá tó ń dá tọ́mọ ni, mi ò ní dín in, ì báà jẹ́ gómìnà ló fẹ́ jẹun. Mo lọ ra ẹja inú fíríìsà nígboro, ojú sì tì mí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo to tábìlì láti abà dé ojú títì. Duane nìkan ló wá. Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti obìnrin Japan, ó wá ní àwọn tó ń fi ọkàn ránṣẹ́ yẹn, wọn kì í wá. Mo gbà fún un ní ti àwọn àjèjì. Ṣùgbọ́n mo rí orúkọ tìrẹ láàárín wọn, Britta, ìwọ kì í sì í parọ́ fún mi. Mo fi awo dé ẹja tìrẹ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró. Má fi í sínú fóònù o, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò yí ká, kò sí ihò tí owó lè gbà jáde.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ bí Otto ti ń ṣọ́ àwọn tirẹ̀. Wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ báyìí, òun ṣì wà lórí òkúta. Bí ọ̀nà bá sì jìn, má kánjú. Bí ọjọ́ Ẹtì mìíràn bá dé, màá fi ẹja tuntun sábẹ́ awo náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Elroy