Wọ́n Fẹ́ Fi Ọjọ́ Ìsinmi Mú Màmá Tíṣà
Àǹtí Ìmísí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò o.

Ọmọ Júù ni Màmá Tíṣà tó ń kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ní Fẹ́sítáákì. Wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n rí ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní báyìí, bàbá mi fẹ́ wó ilé àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ wa ní Alákijà. Màmá Tíṣà ní àwọn máa dúró síwájú katakata tó máa wó ilé náà.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Sátidé la máa wó o. Ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ ni, ìyá òyìnbó yẹn ò ní jáde."

Bí mo bá sọ fún Màmá, mo dalẹ̀ bàbá mi, Màmá á sì ba ọjọ́ Ọlọ́run wọn jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, àwọn ọmọdé á sun ìta. Alágídí ni mí, àmọ́ orí mi dàrú. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n dà?